Ẹ má jẹ́ ká máa fi ìgò mínírà wo gbogbo ara tó bá ń gbọ̀n

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn tí ẹ ń gbé jáde fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́tà bàbá kan tí ẹ tẹ̀ jáde lójú ewé ìlera ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí, bàbá yẹn ní tí ara òun bá ti ń gbọ̀n tí òógùn ń bo òun, mínírà ìgò kan ni òun máa ń dà mu pátá, ara á sì balẹ̀. Ẹni tó ń dá àwọn òǹkàwé lóhùn wá fèsì pé ó jọ pé prediabetes ni (ìyẹn ni pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ kò tíì di àtọ̀gbẹ), kí bàbá má fẹnu kan ṣúgà mọ́ rárá, kí wọ́n sì máa fo oúnjẹ àárọ̀. Mo ka èsì yẹn, mo tún un kà, mo ní ẹ gbà mí o, tí ara bá wá gbọ̀n bàbá yìí lójú títì lọ́la ńkọ́, kí wọ́n máa wò ó níran? Ohun tí bàbá ń ṣe kò tọ̀nà tán, èsì tí wọ́n fún wọn náà kò tọ̀nà tán, àárín méjèèjì yẹn sì ni èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ ń gbé.

Aránṣọ ni mí níbí l'Óṣogbo. Èmi náà wà nínú prediabetes yẹn, 6.1 ni HbA1c mi. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, HbA1c ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó máa ń sọ bí ṣúgà èèyàn ṣe ń rìn láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, tó bá wà láàárín 5.7 sí 6.4 prediabetes nìyẹn, tó bá ti di 6.5 sókè àtọ̀gbẹ ni wọ́n máa pè é. Tó bá jẹ́ ṣúgà àárọ̀ kùtù tí èèyàn ò tíì jẹ nǹkan kan, 100 sí 125 mg/dL ni tiwa, 126 ló ti kọjá ọ̀dọ̀ wa (ìlànà Amẹ́ríkà lèyí o, ti àjọ ìlera àgbáyé WHO bẹ̀rẹ̀ láti 110, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú tí dókítà méjì bá sọ̀rọ̀ tí kò bára mu). Ẹni tó bá sì jẹ́ SS, kó sọ fún wọn kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí HbA1c lè parọ́ fún irú wọn, á máa sọ pé ṣúgà kéré nígbà tí kò kéré.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé báwo ni ẹni tí wọ́n ní ṣúgà ẹ̀ ti ń ga ṣe tún máa sọ pé ṣúgà òun já. Wọ́n á rẹ́rìn-ín ẹ ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ gidi ni. Téèyàn bá jẹun, ó yẹ kí insulin jáde lójú ẹsẹ̀ kó máa kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, àmọ́ lára ọ̀pọ̀ àwa tí a wà nínú prediabetes, insulin àkọ́kọ́ yẹn kì í tètè dé, ṣúgà á ti gun òkè lọ, ara á wá ta jí, á tú insulin rẹpẹtẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ló dà bí ọlọ́pàá tó pẹ́ kó tó dé ibi ìjà, tó wá ń kó gbogbo ẹni tó bá lójú títì, títí kan ìyá aláta. Oúnjẹ ti dà tán nínú, insulin ṣì ń kó ṣúgà, ìgbà yẹn ló máa já wálẹ̀. Wákàtí méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn oúnjẹ ló sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá oúnjẹ tó tètè ń dà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní prediabetes ló ń rí i o, àwọn kan ò ní mọ nǹkan kan lára títí àyẹ̀wò á fi tú wọn fó.

Tèmi, nǹkan bí aago mọ́kànlá ló máa ń mú mi, lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ògì oníṣúgà àti búrẹ́dì nìkan ni mo jẹ jáde nílé. Ìka ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, òwú ò ní wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, àyà á máa lù kìkìkì, òógùn tútù á yọ níwájú orí àti lókè ètè, ebi kan á wá dé tó jẹ́ pé mo lè já mọ́ínmọ́ín gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Inú sì máa ń bí mi láìnídìí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti mọ̀ ọ́n, tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ sí oníbàárà bákan báyìí, ẹnì kan á rọra wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ní, Ọ̀gá, ṣé ẹ ti jẹun ṣá?

Gbígbọ̀n yẹn, adrenaline ló ń fà á. Tí ara bá ti rí i pé ṣúgà ń lọ sílẹ̀ á tú adrenaline jáde kí ẹ̀dọ̀ lè kó ṣúgà tó ti fi pamọ́ síta, adrenaline kan náà ló máa ń jáde tí ẹ̀rù bá bà wá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣe èèyàn bíi pé nǹkan burúkú kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Tí ṣúgà bá wá lọ sílẹ̀ kọjá ibẹ̀, ọpọlọ ni ebi ń pa, ojú á máa ṣú, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu, èèyàn á máa ṣe bí ẹni tó mutí yó. Ládùúgbò tiwa, tí wọ́n bá rí ẹni tó ń ṣe báyẹn, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni, àwọn kan á ní ibà ni, kẹ́míìsì tó wà ní kọ̀rọ̀ náà á sì ti fa abẹ́rẹ́ yọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà, èmi náà ń gbà á, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gún ìka wò ná kí á tó máa wá ẹni tó ń ṣe wá. Ti ibà yẹn gan-an léwu ju báa ṣe rò lọ, torí quinine tí àwọn àgbàlagbà kan ṣì máa ń béèrè fún ní kẹ́míìsì máa ń jẹ́ kí ara tú insulin sílẹ̀, ó lè já ṣúgà wálẹ̀ gidi gan, ibà tó bá le fúnra ẹ̀ náà lè já a, ọmọdé àti aboyún ló sì máa ń ṣe jù. Ẹ wo ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n tún wá gún quinine sí i lára.

Kókó ọ̀rọ̀ mi rèé: ara tó ń gbọ̀n ò sọ pé ṣúgà ti já, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò ló máa sọ ọ́, ìgbà tó bá sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ ló yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì téèyàn bá dé ọsibítù tí ara ti le koko. Láti àwọn ọdún 1930 ni dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, Allen Whipple, ti là á kalẹ̀ pé àpẹẹrẹ gbọ́dọ̀ wà lára, ṣúgà gbọ́dọ̀ kéré lásìkò yẹn gan-an, àpẹẹrẹ yẹn sì gbọ́dọ̀ lọ tí ṣúgà bá gòkè padà. Tí ọ̀kan bá yọ nínú ẹ̀, ẹ máa wá ìdí mìíràn. Wọ́n ṣì ń lò ó dòní. Tí nọ́ńbà bá ti wọ ìsàlẹ̀ 70 kí èèyàn ṣe nǹkan sí i, tó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 54 ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn, ẹni tí kì í lo oògùn àtọ̀gbẹ kankan, nǹkan bí 55 ni àwọn dókítà máa ń wò kí wọ́n tó gbà pé ṣúgà já lóòótọ́.

Ẹ máa rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà tí ara bá ń gbọ̀n, ẹ̀rọ á ní 88, á ní 95. Kò burú, ẹ má bínú sí ẹ̀rọ. Ó lè jẹ́ pé ṣúgà ti ga tẹ́lẹ̀ tó wá ń sáré bọ̀ wálẹ̀, ara ń rí i bíi pé ó ń já. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára, ó lè jẹ́ gẹ̀gẹ̀ ọ̀fun ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ó lè jẹ́ àìsùn àti ìrònú owó ilé ìwé ọmọ, ó sì lè jẹ́ obì tí ẹ jẹ láàárọ̀ ṣúlẹ̀ tí ẹ tún fi enájì dríǹkì lé e. Èyí tó bá jẹ́ irú ìwọ̀nyí, mínírà ò wò ó, ńṣe lẹ kàn ń da ṣúgà lé ṣúgà, prediabetes á sì máa rìn lọ sí àtọ̀gbẹ. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo ní ohun tí bàbá ń ṣe kò tọ̀nà tán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí náà ní wàhálà tiẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gún ìka, kí ẹ sì nù ún gbẹ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó máńgòrò tán tó gún ìka, ṣúgà máńgòrò ló ń yẹ̀ wò. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà kan ṣoṣo já yín láyà, ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń gba ẹ̀rọ yìí wọlé gbà á láyè kó fi 15 lé tàbí kó fi 15 dín tí ṣúgà bá wà lábẹ́ 100, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ lè ní 66 kó jẹ́ pé 78 ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ tún un gún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ tún wo irú nọ́ńbà tó ń kọ o, àbúrò mi tó wà ní Manchester fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí mi, àkọ́kọ́ tí a lò ó ló kọ 4.6, àwọn ọmọ mi ti ń pariwo pé ẹ gbé mọ́tò, ẹ gbé mọ́tò, a ò mọ̀ pé ti òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ (mmol/L ni wọ́n ń lò, mg/dL ni àwọn nọ́ńbà ṣúgà tí mo ń kọ níbí), ẹ fi 18 sọ 4.6 di púpọ̀, ó ń lọ bíi 83, ara tó le ni. Ẹ má sì wá lọ fi 6.1 ti HbA1c wé 6.1 tí ẹ̀rọ irú yẹn bá kọ, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àti pé mo mọ̀ pé sítíríìpù, ìyẹn pélébé tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí lára ẹ̀rọ, wọ́n, a máa ń dá owó jọ rà á ní ìsọ̀ wa, a máa ń lo ẹ̀rọ kan pọ̀, a sì máa ń nù ún dáadáa, àmọ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ìka àti nǹkan bíi bírò tí abẹ́rẹ́ yẹn ń wọ̀, tẹnikẹ́ni ni kó mú tiẹ̀ lọ́wọ́, hepatitis B àti HIV ò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni yín.

Tó bá wá já lóòótọ́ ńkọ́? Ṣúgà ni, kò sí àní-àní, ẹni tó ní kéèyàn má fẹnu kàn án rárá kò rò ó dé ibẹ̀. Àmọ́ díẹ̀ ni! Gíráàmù 15 ni wọ́n ní kéèyàn mú, kúúbù ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lèyí, tàbí ṣíbí kékeré mẹ́rin tí kò kún jù, tí ẹ pò sínú omi, tàbí oyin ṣíbí ńlá kan, tàbí mínírà tó tó 150 ml, kò kún kọ́ọ̀pù kékeré. Kí ẹ wo ara ìgò ná, èyí tí wọ́n kọ zero sí kò ní ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ kàn ń fi gáàsì fọ ọ̀fun ni. Kí ẹ jókòó ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gún ìka padà, tí kò bá tíì dé 70 ẹ tún un ṣe. Ìjókòó yẹn ló nira jù, mo mọ̀, torí ebi yẹn ń sọ pé kí o jẹ gbogbo ilé. Ìgbà tó bá ti gòkè tán lẹ ó wá jẹ nǹkan tó dúró sínú, àkàrà méjì mẹ́ta, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹyin, mọ́ínmọ́ín. Ṣokoléètì àti áísìkirímù ò yá níbẹ̀, ọ̀rá inú wọn máa ń dá ṣúgà dúró. Ìgò mínírà 50cl wá lè ní ṣúgà tó 50 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a ń wá lọ, ẹ bá dà á mu tán, ṣúgà á fò sókè, insulin tó ń pẹ́ dé yẹn á tún tú jáde, tó bá di wákàtí méjì sí mẹ́ta sí i ara á tún gbọ̀n, ẹ ó tún ra òmíràn. Mo mọ dẹ́rẹ́bà kan tó jẹ́ pé ìgò ń yí nísàlẹ̀ ìjókòó mọ́tò ẹ̀, ó ń pè é ní oògùn.

Ẹni tó bá ti dákú tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, kì í ṣe mínírà, kì í ṣe epo pupa, ẹ má sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́ láàárín eyín. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá kí wọ́n fa ṣúgà sí i lójú iṣan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ní ọwọ́ wa nínú jù ni oúnjẹ, torí téèyàn bá tún oúnjẹ ṣe, gbígbọ̀n yẹn fúnra ẹ̀ á dín kù. Ìdí nìyí tí kí èèyàn máa fo oúnjẹ àárọ̀ yẹn ò fi yé mi, ẹni tó fo oúnjẹ àárọ̀ á kàn wá fi ìrẹsì àwo ńlá gbẹ̀san lọ́sàn-án ni, ọ̀sán yẹn ni ṣúgà ẹ̀ á gòkè tí á sì já nírọ̀lẹ́. Ohun tó ń ṣe wá ni oúnjẹ tó jẹ́ àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ tàbí fúláwà nìkan tí kò ní ẹnìkejì. Ògì àti ṣúgà. Gààrí tí wọ́n rẹ sómi, omi tútù, ṣúgà, tí kò sí ẹ̀pà kò sí ẹja. Búrẹ́dì Agége àti mínírà. Wọ́n ń dà kíá, wọ́n ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kíá. Mi ò ní kí ẹ jù wọ́n nù o, ta ló fẹ́ jù gààrí nù ní Nàìjíríà yìí, mo ní kí ẹ fún wọn lẹ́nìkejì. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín pọ̀ ju ẹ̀kọ lọ. Ògì láìsí ṣúgà tàbí ṣúgà díẹ̀, àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ̀wà ni bàbá gbogbo wọn, kì í sáré dà, ó ní amáradàgbà, ó ní èèpo tó ń dá ṣúgà dúró, àmọ́ ẹ̀wà tó jẹ́ oúnjẹ tálákà láyé àwọn ìyá wa, ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan ní ọjà Ìgbónà lónìí kẹ́ ẹ tó wá bá mi sọ̀rọ̀.

Ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́ tí kò gba owó ni bí mo ṣe ń tò ó wọlé. Ẹ̀fọ́ àti ẹja tàbí ẹran ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹ, ó kéré tán ìdajì wọn, kí n tó bẹ̀rẹ̀ òkèlè. Àwọn ará ilé mi kọ́kọ́ ní ìwà ọ̀kánjúwà ni, kí àgbàlagbà máa jẹ ẹran kó tó jẹ òkèlè, ṣebí ọmọdé la máa ń nà fún irú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí, àwọn oníwádìí náà ti rí i pé ṣúgà kì í gòkè tó bẹ́ẹ̀ téèyàn bá jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran ṣáájú. Òkèlè náà ti dín kù sí bí ìkúùkù mi kan. Tí mo bá jẹun tán mi ò kí ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lójú ẹsẹ̀ mọ́, màá gbé aṣọ oníbàárà kan, màá fẹsẹ̀ rìn lọ fún un, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ṣúgà láì dúró de insulin púpọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti fúláwà wíìtì tí wọ́n ń kọ ọ́ sára ọ̀rá pé oúnjẹ ẹni tó ní ṣúgà, bíi pé èèyàn lè jẹ ẹ́ títí ikùn á fi bẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sàn ju èyí tó pọ́n lọ lóòótọ́, àmọ́ sítááṣì ni, tó bá pọ̀ nínú àwo á ṣe ohun tí sítááṣì ń ṣe. Oyin ìgàn náà, ṣúgà ni. Ọsàn, ẹ bó o kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú pòròpórò inú ẹ̀, ẹ má fún un sínú kọ́ọ̀pù.

Àwẹ̀ ńkọ́, torí mo mọ̀ pé wọ́n á béèrè. Mùsùlùmí ni mí, mo sì mọ àwọn ọmọ ìjọ tó ń gba àwẹ̀ gbígbẹ mẹ́fà sí mẹ́fà. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí àwẹ̀ tó wọlé, kì í ṣe ọjọ́ kẹta àwẹ̀. Ẹ má fo sààrì, ẹ sì jẹ́ kí sààrì yẹn jẹ́ ẹ̀wà tàbí ẹyin àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú òkèlè díẹ̀, kì í ṣe tíì àti búrẹ́dì nìkan. Gígún ìka ò ba àwẹ̀ jẹ́, àwọn àlùfáà tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn sọ bẹ́ẹ̀. Tí ṣúgà bá ti wọ ìsàlẹ̀ 70, ìmọ̀ràn àwọn dókítà ni pé kẹ́ ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, ì báà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n pe ìrun. Tí ẹ bá ṣínu, dàbínù méjì tàbí mẹ́ta àti omi ti tó ná, kí ẹ kírun, kí ẹ tó wá jókòó ti oúnjẹ.

Lórí oògùn, màá yára sọ ọ́. Metformin tí wọ́n máa ń fún àwọn kan nínú wa, tó bá dá wà, kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀. Glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, ló ń já a, ó sì lè já a burúkú burúkú, ẹ má gba ti aládùúgbò lò, ẹ má sì jẹ́ kí kẹ́míìsì tà á fún yín nítorí pé ẹ ní ṣúgà yín ga díẹ̀. Ọtí lórí ikùn òfìfo, títí kan àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá sì ń lo propranolol tàbí atenolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ mọ̀ pé ó lè bo gbígbọ̀n àti àyà lílù mọ́lẹ̀, òógùn nìkan lẹ máa rí, ẹ má fojú kékeré wo òógùn yẹn.

Àwọn kan wà tí gbogbo ohun tí mo kọ yìí ò kàn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n gbà lọ tààrà. Ẹni tó jẹ́ pé òru ló ń gbọ̀n án, tàbí láàárọ̀ kó tó jẹun rárá, ẹni tó ti dákú rí, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún nínú ikùn, ẹni tó ń rù láìmọ ìdí. Èyí kì í ṣe irú tiwa tó ń tẹ̀lé oúnjẹ. Ó lè jẹ́ kókó kan ló wà lára pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin, tí kókó yẹn ń tú insulin jáde láìdúró, kò wọ́pọ̀ àmọ́ ó wà.

Olóòtú, ohun tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣe ló kù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wá dókítà tàbí ẹni tó kọ́ nípa oúnjẹ kó máa dáhùn ojú ewé yẹn, kó máa fi àwo oúnjẹ ilé wa ṣàlàyé, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ìrètí wà nínú prediabetes, ìwádìí ńlá Diabetes Prevention Program tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2002, kó èèyàn tó lé ní 3,000 jọ, wọ́n ní kí àwọn kan dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n sì máa rìn tàbí ṣeré ìdárayá 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ dín kù lára wọn ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó gbé metformin mì rí 31. Ẹsẹ̀ ju oògùn lọ níbẹ̀, ẹsẹ̀ sì rèé, a ò rà á.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan lọ béèrè fún wa. Òfin Finance Act 2021 ti fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan mínírà aládùn, wọ́n ní torí ìlera wa ni. Owó yẹn dà? Ṣé kò lè dín owó sítíríìpù kù ni, kí ìwọ̀nba èèyàn tó ń gbọ̀n ní ìsọ̀, ní gáréèjì, ní kíláàsì, lè mọ ohun tó ń ṣe wọ́n kí wọ́n tó na ọwọ́ sí mínírà? Kí wọ́n béèrè ní Àbújá, kí wọ́n tún béèrè ní ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ wa, kí ẹ sì tẹ orúkọ ẹni tó dáhùn àti èyí tí kò dáhùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Aránṣọ kan,
Òṣogbo.